Ọ̀sẹ̀ Méjì fún Ẹ̀dọ̀: Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Jẹun Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ní oṣù kẹta ọdún 2022, mo jí, mo fọwọ́ kan ikùn mi, mo bá báńdéèjì níbẹ̀, mo ní, "Olúwa, o ṣeun, ó ti parí." Kò parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni dókítà tó yẹ kó gé àpòlúkù mi kù, kí sísanra mi lè dínkù, wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní bí àwọn ṣe ki kámẹ́rà bọ inú mi, ẹ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yọ sí àwọn. Ó tóbi, ó wúwo, ó bo àpòlúkù mọ́lẹ̀ débi pé irin tí wọ́n fi ń gbé e sókè kò lè gbé e láì fà á ya. Ó ní àwọn ò lè fi ẹ̀mí mi wewu. Wọ́n rán ojú ihò tí wọ́n ti lu, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mo sunkún mọ́jú. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń lọ tí mo ń bọ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́ yẹn fún mi. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà sì yọrí. Oúnjẹ wa náà ni mo fi ṣe é, ẹ̀fọ́, ilá, ẹja, ẹyin. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, tàbí tí ẹ ń retí rẹ̀, ìwé tí wọ́n sì kó fún yín nílé ìwòsàn kún fún oúnjẹ tí ẹ kò jẹ rí.

Alásè ni mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Woolwich ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, oúnjẹ òde ni mò ń sè: ìkómọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Nígbà yẹn mo wọn kílò 132, gíga mi jẹ́ mítà 1.65, BMI mi, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe wúwo sí gíga rẹ̀, sì lé ní 48. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ilé ara mi láìsinmi.

Kí n tó lọ síbi oúnjẹ, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMI 40 ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó rán ènìyàn lọ fún iṣẹ́ abẹ yìí, tàbí 35 fún ẹni tó ní àìsàn tí sísanra ń dá kún, bí ìtọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú iye yẹn fún àwa tí ìran wa wá láti Áfíríkà, nítorí àìsàn wọ̀nyí máa ń tètè bá wa níbi tí BMI kò tíì ga púpọ̀. Bí GP, dókítà àdúgbò yín, bá sọ fún yín pé ti yín kò tó, ẹ fi sùúrù béèrè bóyá ó ti yọ 2.5 náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ lè yẹra fún un. Wọ́n fún mi ní ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ yé. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè kó ara mi níjàánu ni. Mo rò pé òṣùwọ̀n ni mo ń ṣe é fún. Nítorí náà mi ò jẹun láti àárọ̀ títí di alẹ́, alẹ́ ni mo wá ń jẹ ẹ̀bà, mo sì ń wo òṣùwọ̀n bó ṣe ń lọ sílẹ̀, inú mi ń dùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo se oúnjẹ ìgbéyàwó kan ní Thamesmead, fún igba ènìyàn. Mo tọ́ ìrẹsì wò, mo tọ́ dòdò wò, mo tọ́ ẹran wò. Alásè tó bá ń tọ́ ìkòkò mẹ́fà wò láti aago mẹ́rin ìdájí, ó ti jẹun. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí, mo ní mo ń dágbére fún un. Kílò mẹ́ta ló ti kúrò lára mi. Ẹ̀dọ̀ mi kò yí padà.

Ojú alásè ni mo fi wá lóye ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀ màlúù tó dára, bí èyí tí ẹ lè rà ní Rye Lane ní Peckham, pupa ni, ó ń dán, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan gbé e sókè, kò ní já. Ṣùgbọ́n mo ti ra ẹ̀dọ̀ adìẹ kan rí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, tó ti fẹ́ dà bí ìyeyè, etí rẹ̀ ti wú ó sì ti rí roboto. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fọ́, ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Bí ẹ̀dọ̀ ènìyàn tó kún fún ọ̀rá ṣe ń rí nìyẹn. Apá òsì ẹ̀dọ̀ ló sì sùn lé àpòlúkù lórí. Ihò wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan ni wọ́n ń lu sí ikùn wa láti fi ṣiṣẹ́ yìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀dọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń gé. Ẹ̀dọ̀ tó wúwo tó sì rọ̀ jù lè ya, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nígbà mìíràn wọ́n á ní láti la ikùn gbooro. Nígbà mìíràn wọ́n á dá iṣẹ́ dúró bíi tèmi.

Ohun méjì ló ń wú u. Ọ̀rá ni ọ̀kan. Èkejì ni ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́. Ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, mínírà, gbogbo èyí tí a bá jẹ tí ara kò tíì lò, ẹ̀dọ̀ á kó apá kan rẹ̀ pamọ́, gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ á sì fa omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí ẹ bá dín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kù gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara á lọ bu èyí tó wà nípamọ́ lò, omi rẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ̀dọ̀ á sì súnkì. Bí ẹ bá wá jẹ iyán ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ ti tún ń kó o padà síbẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí iyán ìdágbére fi burú ju iyán ọjọ́ mìíràn lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ ìjẹdágbére ní alẹ́ tó ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni mo máa sọ fún un: ẹ ń dá kún ẹrù tí ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ́la.

Oṣù díẹ̀ ṣáájú

Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, torí ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà ńlá ní ọjọ́ Sunday tó wá já a sílẹ̀ gbì ní ọjọ́ Monday, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Dietitian, onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú mi, ní kí n gbé òṣùwọ̀n ìdáná sórí tábìlì kí n fi wọn gàrí tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà ara mi. Ó ní kí n má dín in kù o, kí n ṣáà wọ̀n ọ́n. Mo da gàrí sínú abọ́ bí mo ṣe máa ń dà á. Gíráàmù 210. Kálórì rẹ̀ lé ní 700, ọbẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Mo dúró, mo ń wo òǹkà yẹn, torí mi ò fi ìgbà kan rí ka ara mi sí ẹni tó ń jẹ àjẹjù. Oṣù méjì ni mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀: 210, 150, 100, 60. Mo yí àwo mi padà sí ti ọmọdé, kí ẹ̀bà kékeré náà má baà dà bí ohun tí wọ́n gbàgbé sínú àwo.

Lẹ́yìn gàrí, epo ló kàn. Ṣíbí ìjẹun kan epo, ì báà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, jẹ́ nǹkan bíi 120 kálórì. Ife kan tí mo máa ń dà sínú ìkòkò ẹ̀fọ́ ilé wa jẹ́ bíi 2,000. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí à ń sọ yìí, ẹni kan kò ní jẹ tó ìyẹn láàárín ọjọ́ méjì gbáko.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ fi àwọn oṣù yìí kọ́ ni jíjẹ lẹ́nu. Àwa kì í jẹ òkèlè, à ń gbé e mì ni. Ìyá mi á ní, "Ṣé o ń jẹ iyán bí ẹran ni?" bí ó bá rí mi tí mò ń rún un lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àpòlúkù tí wọ́n bá ti gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ dànù kò lè gba òkèlè tí a gbé mì lódidi. Ó máa ń há sí àyà, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì lè dá bíbì sílẹ̀. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè tí kò ju orí ìka àtàǹpàkò lọ, mo ń rún un lẹ́nu bí ogún ìgbà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sú mi. Mo tún jáwọ́ nínú omi tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo: mo mu ún kí n tó jẹun, mo sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí n tó mu òmíràn. Ẹ máa nílò àṣà méjèèjì yìí títí ayé, ẹ kọ́ wọn nígbà tí ẹ ṣì lè ṣàṣìṣe.

Mínírà àti málítì, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Sìgá náà, láìsí àríyànjiyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà gan-an

Ilé ìwòsàn yín ló máa sọ iye ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó bá wúwo gan-an lè ṣe mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí oúnjẹ ọjọ́ kan wà láàárín 800 sí 1,000 kálórì, kí ọ̀rá àti oúnjẹ tó ń di ṣúgà kéré nínú rẹ̀, kí púrótéènì sì tó, kí ara má baà máa jẹ ẹran ara rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni mílíìkì: nǹkan bíi páìǹtì mẹ́ta mílíìkì tí wọ́n ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù lójúmọ́, pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì díẹ̀. Ó rọrùn, kò wọ́n, àmọ́ inú ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú kì í gba mílíìkì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á máa kùn, á sì máa yàgbẹ́ ṣooro. Èkejì ni pàúdà tí à ń pò mu dípò oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ gidi tí a wọ̀n. Ẹ mú ọ̀kan tí dietitian yín bá fọwọ́ sí, ẹ má sì lú wọn pọ̀ fúnra yín, torí ẹni tó mu páìǹtì mẹ́ta tó tún jẹ adìẹ ti kọjá iye náà láìmọ̀.

Oúnjẹ ni mo yàn. Bí ọjọ́ mi ṣe máa ń rí nìyí. Láàárọ̀, ẹyin sísè méjì àti tòmátì kan, pẹ̀lú tíì tí kò ní ṣúgà. Lọ́sàn-án, àyà adìẹ tí a ti bó awọ rẹ̀, gíráàmù 120 lẹ́yìn tó ti jinná, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò ní epo, bí ó bá ṣe wù mí kó pọ̀ tó. Lálẹ́, ẹja funfun bíi gíráàmù 150 nínú ilá tàbí ewédú, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó kékeré kan tí mo bọ̀. Láàárín wọn, yógọ́ọ̀tì kékeré kan tí kò ní ṣúgà, ápù kan, àti mílíìkì bíi ìdá mẹ́ta lítà tí mo pín sínú tíì gbogbo ọjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ kì í ju bíi 900 lọ. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ṣe fi pamọ́ di alẹ́ bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí.

Òkèlè kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn kan á ní àmàlà láfún fúyẹ́, àwọn kan á ní fùfú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀dọ̀. Ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ̀fọ́. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ní púrótéènì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ohun tó ń di ṣúgà, nítorí náà ọjọ́ tí mo bá jẹ mọ́ínmọ́ín kékeré kan tí kò ní òróró, mo yọ ànàmọ́ kúrò. Pọ̀nmọ́ ń kún inú, kì í ṣe púrótéènì tó pé. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti àgbọn, bó ti wù kí wọ́n dára tó, ọ̀rá wọn pọ̀ jù fún àkókò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀fọ́ aláìlépo, nítorí òun ló gbà mí là. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ ẹ̀fọ́ lásán, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dà á nù, wọ́n á padà sídìí epo. Adùn tí epo máa ń gbé wọ ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá. Ẹ bọ egungun adìẹ tàbí ẹran tí kò lọ́ràá pẹ̀lú àlùbọ́sà, kó hó dáadáa. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Lówùúrọ̀ ọ̀rá á ti dì sókè bí àbẹ́là. Ẹ fi ṣíbí kó gbogbo rẹ̀ dànù, omi tó kù lábẹ́ á dà bíi jẹ́lì. Òun ni ẹ ó fi sè. Ẹ sun tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà kan àti ata rodo lórí iná tàbí nínú ófúnù títí ara wọn á fi jó díẹ̀, ẹ gún wọn, ẹ má lọ̀ wọ́n kúnná. Ẹ gbé ìkòkò kaná láìda epo sí i, ẹ da irú tí ẹ ti fọ̀ sí i kó gbóná kó ta sánsán, ẹ bu omi ẹran náà bíi ife kan lé e, ẹ da ata tí ẹ gún sí i, kó hó títí omi rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí ẹ fi edé lílọ̀ ṣíbí kékeré kan àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i. Ẹ ti bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ti fún un gbẹ. Ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ rò ó, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lórí iná. Ọmọ mi jẹ nínú rẹ̀, kò mọ̀ pé kò sí epo níbẹ̀ àfi ìgbà tó wo àwo tí àwo náà kò pọ́n.

Ẹ rọra fi iyọ̀ àti magí sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru.

Omi, ó kéré tán lítà méjì lójúmọ́. Mo máa ń kún ìgò lítà kan ní aago méje àárọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ ti mu ún tán kí aago kan ọ̀sán tó lù.

Oògùn: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún wọn

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Bí ẹ bá ń gún insulin tàbí tí ẹ ń lo gliclazide fún ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ sì gé oúnjẹ kù sí 900 kálórì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ débi tí ẹ ó ṣubú. Ẹ pe nọ́ọ̀sì ìtọ̀ ṣúgà yín kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi, wọ́n ní kí n dá gliclazide dúró, kí metformin máa lọ, kí n sì máa yẹ ṣúgà wò lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ti yín lè yàtọ̀, ẹ má fi tèmi ṣe àwòkọ. Dapagliflozin àti empagliflozin, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sábà máa ń ní kí a dá wọn dúró, nítorí bí oúnjẹ bá kéré, ásíìdì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò wọ́n, kódà bí òǹkà ṣúgà rẹ̀ kò ga. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè di èyí tó pọ̀ jù bí ìwọ̀n yín ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀fọ́ ni òun fẹ́ máa jẹ, torí ẹ̀fọ́ púpọ̀ máa ń yí iṣẹ́ oògùn yẹn padà.

Bí ara yín bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bo yín, tí ọkàn yín ń lù kìkì, ẹ yẹ ṣúgà wò kíá. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ mu ohun tó ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀, ì báà ba oúnjẹ ọjọ́ yẹn jẹ́. Ẹ̀dọ̀ lè dúró de ọjọ́ kejì.

Àgbo pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní ìgò kan ní kọ́ńbọ́ọ̀dù, jẹ̀díjẹ̀dí tàbí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé fún ikùn. Ẹ dá a dúró, ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti ń mu ún. Àwọn ewé kan máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, àwọn kan ń ni ẹ̀dọ̀ lára. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí.

Bí ara á ṣe rí

Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló le jù. Orí á fọ́, òtútù á mú yín nínú ilé tó gbóná, inú á máa bí yín láìnídìí, ẹnu á máa rùn. Ẹnu rírùn yẹn, àmì pé ara ti ń jó ọ̀rá ni, ẹ máa fọ eyín, ẹ máa mu omi. Orí fífọ́ tèmi dínkù nígbà tí mo mu ife omi ẹran gbígbóná kan tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ebi náà rọlẹ̀, ó yà mí lẹ́nu. Ìgbẹ́ lè má yà fún ọjọ́ mélòó kan. Ilá ran tèmi lọ́wọ́. Bí kò bá ran ti yín, ẹ béèrè oògùn tó tù ú lọ́wọ́ apòògùn. Òòyì tí kò lọ, dídákú, èébì tí kò dúró, ẹ pe ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà.

Àwọn ará ilé, àwọn ará ìjọ

Nígbà kejì, mo kọ iṣẹ́ òde méjì sílẹ̀. Owó tó lọ níbẹ̀ dùn mí, àmọ́ mo ti mọ̀ pé mi ò lè dúró ti ìkòkò ìrẹsì kí n má tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ oúnjẹ, ẹ gba ìsinmi, tàbí kí ẹlòmíràn máa tọ́ ọ wò fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi ní ọjọ́ kẹfà, ó gbé ọ̀fadà wá. Ó ní, "Wo bí ojú ẹ ṣe jìn. O fẹ́ pa ara ẹ ni?" Tẹ́lẹ̀, ìtìjú ni ǹ bá fi jẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé, "Àǹtí mi, ẹ ṣé. Wọ́n ṣí mi, wọ́n tún pa mí dé lọ́jọ́sí torí oúnjẹ. Ẹ bá mi gbé e padà, ẹ sì bá mi gbàdúrà." Ó dákẹ́, ó gbé e padà sínú báàgì. Láti ọjọ́ yẹn, ẹja tútù ló ń rà wá. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ kí ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ, ẹ ní dókítà ló ní kí ẹ ṣọ́ oúnjẹ nítorí ẹ̀dọ̀. Òótọ́ ni.

Ẹ má sì so ọ̀sẹ̀ méjì yìí pọ̀ mọ́ ààwẹ̀. Mo mọ obìnrin kan nínú ìjọ wa tó ní òun á kúkú fi gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí òun fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì. Ara tí kò rí omi àti púrótéènì kò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú agbára, orí rẹ̀ á sì máa yí i. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá bọ́ sínú Ramadan tàbí ààwẹ̀ ọdún tuntun ìjọ yín, ẹ tètè sọ fún wọn, wọ́n lè sún un síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tiyín ní Èkó tàbí Àbújá, níbi tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni ni, tí owó rẹ̀ sì ń ti àpò yín jáde, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà: "Ọjọ́ mélòó ni kí n fi jẹ oúnjẹ ẹ̀dọ̀?" Ẹ̀dọ̀ ti Èkó kò yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ náà

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti ra ohun tí ẹ ó nílò: ife kéékèèké, ṣíbí ọmọ ọwọ́, blẹ́ńdà tó ń lọ nǹkan kúnná, oògùn fítámì tí wọ́n bá kọ fún yín. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tó ṣàn nìkan ni ẹ ó máa mu. Mo ti di omi ẹran tí a yọ ọ̀rá rẹ̀ sínú fírísà ní ike kéékèèké, mo sì kọ déètì sára wọn.

Ẹ tẹ̀lé ìwé tí wọ́n bá fún yín nípa aago tí ẹ gbọ́dọ̀ ti dá oúnjẹ àti omi dúró. Bí ẹ bá ti jẹ ohun tí kò yẹ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, ẹ sọ fún wọn ní òwúrọ̀ yẹn, kí wọ́n tó kun yín lóorun. Mi ò sọ fún wọn nígbà àkọ́kọ́, ojú tì mí. Bí mo bá sọ ọ́, bóyá wọn ì bá ti sún ọjọ́ náà síwájú láìlu ikùn mi.

Ní oṣù kẹjọ, kílò mẹ́fà ló ti kúrò lára mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo jí, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ikùn, ẹ̀rù bà mí láti béèrè. Dókítà kan náà ló wá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ síwájú mi, ó ní báyìí ni ẹ̀dọ̀ mi rí lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́lẹ́, àwọn gbé e sókè láìsí wàhálà. Nọ́ọ̀sì gbé ife oògùn kékeré kan fún mi, omi inú rẹ̀ kò ju mílílítà 30 lọ, ó ní kí n rọra. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi mu ún.